Kòkòrò Òwú Inú Agolo Ọwọ́ Fúyẹ́

Ọkọ àbúrò mi ni gbogbo àdúgbò ń pè ní Ọwọ́ Fúyẹ́. Onígbàjámọ̀ ni. Àwọn oníbàárà rẹ̀ ló sọ ọ́ bẹ́ẹ̀, torí pé tó bá ń fá irun fún ènìyàn, ènìyàn lè sùn lọ lórí àga, ìgbà tó bá ń gbọn aṣọ ọrùn ẹni nù ni ẹni náà yóò tó mọ̀ pé abẹ ti kọjá lórí òun. Ìsàlẹ̀ ilé wọn ni ṣọ́ọ̀bù rẹ̀ wà, yàrá kan tó ní dígí gbọọrọ, bẹ́ńṣì kan, àti àga onírin tó ń yí. Èmi, aránṣọ ni mí. Iṣẹ́ ọwọ́ yé mi, ìyẹn ló jẹ́ kí n gbà fún un nígbà tó wá tọrọ àbúrò mi. Ẹni tó wá ṣáájú rẹ̀, lílé ni mo lé e.

Ẹ jẹ́ kí n tètè sọ irú ènìyàn tí mo jẹ́. Èmi kì í sáré gba ènìyàn gbọ́. Tí oníbàárà bá kí mi kíkí àkíjù, tó bá lọ tán, mo máa ń wò ó bóyá àlùmọ́gàjí mi ṣì wà lórí tábìlì. Àwọn ọmọ ilé wa ń pè mí ní Àǹtí Ọlọ́pàá lẹ́yìn, wọ́n rò pé n kò mọ̀. Mo mọ̀. Kò dùn mí.

Lọ́jọ́ kan ṣá ni Ọwọ́ Fúyẹ́ ti ṣọ́ọ̀bù pa. Ẹnikẹ́ni kò lé e. Ó ní ó ti rẹ òun, ó tó kí òun sinmi. Sinmi kẹ̀? Ọkùnrin tí àwọn oníbàárà ṣì ń tò lẹ́nu ọ̀nà dè! Kò pẹ́ lẹ́yìn ìyẹn la gbọ́ pé ó ti ń lọ pẹja. Mo rẹ́rìn-ín títí. Ọkùnrin tó jẹ́ pé ìyàwó rẹ̀ ló máa ń bá a yọ egungun inú ẹja kó tó jẹ ẹ́!

Adágún ńlá tó wà lẹ́yìn ìlú ló ń lọ, níbi tí wọ́n ti mọ ògiri gìrìwò dí odò, tí omi ẹ̀rọ gbogbo wa ti ń wá. Wọ́n ń háyà ọkọ̀ ojú omi níbẹ̀ fún ẹni tó bá fẹ́ pẹja. Tó bá ti di àárọ̀ Sátidé, á gbé àpò tẹ́ẹ́rẹ́ kan kọ́ èjìká, á jáde. Tó bá di ìrọ̀lẹ́, á wọlé ní ọwọ́ òfo. Ìpẹ́ ẹja lásán, a kò rí i. Ó ní òun máa ń dá wọn padà sómi ni. Ẹ gbọ́ o: kí ènìyàn jí ní kùtùkùtù, kó háyà ọkọ̀, kó jókòó sínú oòrùn, kó mú ẹja, kó wá sọ fún ẹja pé ó dàbọ̀. Ta ló fẹ́ gba ìyẹn gbọ́? Ara ti ń fu mí láti ìgbà yẹn, mo kàn pa ẹnu mọ́ ni.

Ọjọ́ kan tí mo ń pa etí aṣọ kan lọ́wọ́, àbúrò mi wọlé sí mi ní ṣọ́ọ̀bù. Ojú rẹ̀ ti wú. Ó ti ilẹ̀kùn, ó sì gbé agolo pẹlẹbẹ kan lé orí ẹ̀rọ ìránṣọ mi, irú èyí tí wọ́n ń kó súìtì ọ̀fun sí.

"Àǹtí, ẹ bá mi ṣí i. Inú àpò kóòtù ọkọ mi ni mo ti rí i."

Mo ṣí i. Háà! Mo ti àga sẹ́yìn. Ìwọ̀ kéékèèké ló tò sínú rẹ̀, wọ́n fi òwú yí ọ̀kọ̀ọ̀kan wọn, wọ́n fi ìyẹ́ adìyẹ sí i, wọ́n sì fi irun há a láàárín. Irun ènìyàn! Irun gígé kúkúrú, ìdí rẹ̀ funfun, orí rẹ̀ dúdú.

"Irun ta nìyí?" mo bi í.

"Ohun tí mo wá bi yín nìyẹn. Irun obìnrin ni. Ẹ ò rí i bó ṣe rọ̀? Obìnrin tó sì ń pa irun láró ni, oníyẹ̀yẹ́!"

Mo wo orí àbúrò mi tó máa ń dúdú bí èédú ní ọjọ́ orí rẹ̀, mo gbé ojú kúrò. Àti èmi, àti ọkọ rẹ̀, àti ẹni tó ń ta aró fún un, gbogbo wa la mọ̀, ṣùgbọ́n ó ti búra pé bí Ọlọ́run ṣe dá òun nìyẹn.

"Irun, ìyẹ́, òwú, irin, gbogbo ẹ̀ lójú kan," ni ó ń wí. "Ẹ̀yin náà ẹ sọ ohun tó jẹ́. Obìnrin kan ti fi òwú di ọkọ mi mọ́ra ni."

Mo ní kó jókòó, kó rọra sọ ọ́. Nígbà tó bẹ̀rẹ̀, kò dúró mọ́. Ó ní láti ìgbà tí wọ́n ti fẹ́ra, ẹlòmíì kò gé irun òun rí, ọkọ òun ló ń gé e, ní ṣọ́ọ̀bù, lẹ́yìn tí gbogbo ènìyàn bá ti lọ. Ní báyìí, ọkọ òun ní kí òun wá ibòmíì lọ gé e. Ó ní kò bá òun jẹun mọ́, ó máa ń gbé abọ́ rẹ̀ kọjú sí ògiri. Tí òun bá gbé tíì fún un, á ní kí òun gbé e kalẹ̀, kò ní fẹnu kàn án àfi tí òun bá kúrò níbẹ̀, bí ẹni pé òun fẹ́ fún un ní májèlé.

"Tí mo bá sì bi wọ́n pé níbo ni wọ́n ti ń bọ̀, Àǹtí, ọwọ́ wọn á máa gbọ̀n. Wọ́n á tètè kì í bọ àpò. Ẹni tí kò ṣe nǹkan, kí ló ń gbọ̀n fún?"

Lóòótọ́, kí ló ń gbọ̀n fún?

"Mo ti di ẹrù mi," ni ó wí. "Tó bá di Sátidé, tí wọ́n bá ti jáde, èmi náà á jáde. Ọ̀dọ̀ ọmọ wa ni mò ń lọ, n kò sì ní padà."

Mo mọ àbúrò mi. Tó bá pariwo, ẹ máa bá tiyín lọ. Ṣùgbọ́n tó bá ti sọ̀rọ̀ wẹ́rẹ́ báyìí, ó parí nìyẹn. Mo ní, "Má ì lọ. Èmi á bá a lọ sójú omi náà. Tí mo bá rí obìnrin yẹn, èmi fúnra mi á bá ẹ ru àpótí. Fi agolo yìí sílẹ̀ fún mi."

Ó ní, "Ìrọ̀lẹ́ Sátidé, Àǹtí. N kò ní sun ọjọ́ náà nílé yẹn."

Lọ́jọ́ kejì ni mo lọ bá Ọwọ́ Fúyẹ́, mo ní mo fẹ́ kọ́ ẹja pípa. Ojú rẹ̀ yí padà lẹ́sẹ̀kẹsẹ̀.

"Ẹ̀yin kẹ̀, Ẹ̀gbọ́n? Oòrùn ibẹ̀ pọ̀ o."

"Mo ní fìlà."

"Ọkọ̀ máa ń mi."

"Èmi náà á máa mi."

Ó ki ọwọ́ bọ àpò. Ó wá ní ó dáa, tó bá jẹ́ ohun tí mo fẹ́ nìyẹn. Mo ní lọ́kàn mi pé, ìwọ ọkùnrin yìí, ó ti bọ́ sí mi lọ́wọ́.

Nígbà tí a dé ibẹ̀ lọ́jọ́ Sátidé, omi lọ salalu títí dé ẹsẹ̀ òkè. Àwọn ọkọ̀ onípákó tò sí etí rẹ̀. Obìnrin kan ló ń ṣe àkóso wọn, obìnrin gìdìgbà, kọ́kọ́rọ́ kọ́ ọ nídìí, ó fi ìborí di orí ṣinṣin tí irun ẹyọ kan kò fi yọ. Bó ṣe rí ọkọ àbúrò mi, ẹ̀rín gba ẹnu rẹ̀.

"Ọ̀gá mi! Mo ti ń retí yín."

Ó ti ń retí rẹ̀! Ẹ jọ̀wọ́, ẹ máa bá mi kà á lọ. Obìnrin yìí mú ẹ̀wù tó ń mú ènìyàn léfòó, ó wọ̀ ọ́ fún un, ó sì bá a de ìdè rẹ̀ níwájú àyà, ọ̀kọ̀ọ̀kan. Ó bẹ̀rẹ̀ sílẹ̀, ó de okùn bàtà rẹ̀. Ó gba ọ̀pá ìpẹja rẹ̀, ó sì bá a ki òwú bọ ojú ìwọ̀. Odidi bàbá tó dúró bíi ọmọ jẹ́lé-ó-sinmi, tó na ara sílẹ̀ fún obìnrin olóbìnrin! Níwájú mi! Mo kàn ń rẹ́rìn-ín músẹ́. Mo rọra ń wo etí ìborí rẹ̀ bóyá irun kan á yọ, kí n fi wé ti inú agolo.

"Ìyá, ẹ wọ gíláàsì yìí," ni obìnrin náà wí fún mi. "Ìwọ̀ kò mọ ojú ẹni yàtọ̀ sí ojú ẹja."

Mo ní ó ṣeun. N kò sọ èyí tó kù.

Obìnrin náà ló bá wa tan ẹ́ńjìnnì ọkọ̀. Nígbà tí a dé àárín omi, ọkọ àbúrò mi pa á. Ó ní kí n jókòó sí ìpẹ̀kun kan, òun jókòó sí ìkejì, ó sì kìlọ̀ pé ohunkóhun tó bá ṣẹlẹ̀, a kì í dìde dúró nínú ọkọ̀. Ó ju àpò aṣọ kan tó ní okùn sómi kí atẹ́gùn má baà gbá ọkọ̀ lọ kíákíá. Mo wo ojú ìránṣọ rẹ̀, kò dáa. Ọkọ̀ wá fi ìbú tẹ̀lé atẹ́gùn, ó ń lọ ní mẹ̀lọ̀mẹ̀lọ̀, àwa sì kọ ẹ̀yìn sí ibi tí atẹ́gùn ti ń fẹ́.

"Ìwọ̀ yìí kò ní kòkòrò gidi lára," ni ó wí. "Kòkòrò òwú ni. Kò wúwo rárá, okùn tó nípọn yìí ló máa gbé e lọ. Ẹ gbé ọ̀pá sókè, ẹ jẹ́ kí okùn nà tán lẹ́yìn yín, kẹ́ ẹ tó fi í síwájú. Ẹ má fi agbára ṣe é. Ẹ má sì jù ú gba orí mi o, Ẹ̀gbọ́n."

Mo jù ú. Ó há mọ́ fìlà mi. Mo tún un jù, ó di ara rẹ̀ mọ́ra bí òwú tí ológbò fi ṣeré. Nígbà tó yá, èyí tí mo jù balẹ̀ sórí omi wọ́ọ́rọ́, inú mi dùn, mo tún rántí pé n kò wá ṣeré.

Mo bẹ̀rẹ̀ sí í ṣọ́ ọ. Ohun àkọ́kọ́ tí mo rí ni pé ọwọ́ òsì ló fi di ọ̀pá mú.

"Ìgbà wo lo di ọlọ́wọ́ òsì?"

"Omi ló kọ́ mi," ló wí, kò wo ojú mi.

Ọwọ́ ọ̀tún rẹ̀ ló fi ń fa okùn wálé díẹ̀díẹ̀, nísàlẹ̀, lẹ́bàá itan, níbi tí n kò ti lè rí i dáadáa. Ẹja sì ń jẹ tirẹ̀! Ìkan gbé e, ó ní kí n bá òun yọ ọ́. Mo ní kí ló dé tí kò lè yọ ọ́ fúnra rẹ̀. Ó ní kí n kọ́kọ́ fi omi tọ́ ọwọ́ kí n má baà bó ẹja lára, kí n rọra yọ ìwọ̀, kí n jẹ́ kó lọ. Mo yọ ọ́. Ẹja náà dúró díẹ̀ láàárín ọwọ́ mi, ó wá fò lọ. Ó dára, irọ́ kọ́ ni ti ẹja. Kò pẹ́, òmíràn tún gbé e. Tèmi tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀, ọmọ ẹja kan kò wò ó. Ojú omi kan náà, irú ìwọ̀ kan náà! Mo ní oògùn náà nìyẹn.

N kò lè mú un mọ́ra mọ́. Mo ki ọwọ́ bọ àpò mi, mo gbé agolo jáde.

"Agolo mi!" Ó nà gàgà, ọkọ̀ mì lọ sọ́tùn-ún sósì.

"Jókòó! Ìwọ lo ní ká má dìde. Ta ló fún ẹ ní nǹkan yìí? Obìnrin onílé ọkọ̀ yẹn ni, àbí?"

"Èmi ni mo ṣe é, Ẹ̀gbọ́n. Kòkòrò òwú náà ni. Bá a ṣe ń ṣe é nìyẹn, òwú àti ìyẹ́ àti irun, kó lè jọ kòkòrò lójú ẹja."

Mo wò wọ́n lójú oòrùn. Lóòótọ́, wọ́n jọ èyí tó wà lẹ́nu okùn mi. Ṣùgbọ́n òwú ni iṣẹ́ mi, ẹnikẹ́ni kò lè fi òwú tàn mí. Àwọn tó wà ní ìbẹ̀rẹ̀ agolo, yíyí òwú wọn le, ó tẹ́jú bí ẹni fi ẹ̀rọ ṣe é. Àwọn tó tẹ̀lé e, òwú ti ń fò kọjá ara wọn. Nígbà tó máa fi dé àwọn ìkẹyìn, wúruwùru, bí ìtẹ́ ẹyẹ.

"O ń parọ́," mo wí. "Ẹni méjì ló ṣe nǹkan yìí. Ẹni tó ṣe èyí kọ́ ló ṣe èyí. Ìwọ lo ṣe ti àkọ́kọ́, obìnrin yẹn ló ń ṣe é fún ẹ báyìí."

Ó gbé ọ̀pá kalẹ̀ sí ẹsẹ̀ rẹ̀. Ó wá yọ ọwọ́ ọ̀tún rẹ̀ sókè láàárín wa, ó tẹ́ ẹ sílẹ̀ gbalaja kí n lè rí i.

Ó ń gbọ̀n. Àtàǹpàkò ń gbọ̀n, àwọn ìka ń gbọ̀n tẹ̀lé e, kò dúró rárá. Ó fi ọwọ́ òsì di í mú, ó ṣì ń gbọ̀n nínú ọwọ́ òsì.

"Ẹni kan náà ni, Ẹ̀gbọ́n," ló wí.

Mo pa agolo dé.

Ó ní àtàǹpàkò ló ti bẹ̀rẹ̀. Ó ní òun rò pé iṣẹ́ àṣejù ni, títí di àárọ̀ ọjọ́ tí abẹ fi bọ́ sí oníbàárà kan létí. Ọkùnrin náà kò bínú, ó ní kò burú. Ìyẹn ló dun òun jù, pé ó ní kò burú. Ọjọ́ yẹn ló ti ṣọ́ọ̀bù pa. Dókítà ti sọ pé oògùn lè dá a dúró díẹ̀, ṣùgbọ́n kò ní padà sẹ́yìn.

"Mò ń ṣe kòkòrò òwú yìí kí n lè mọ ibi tó dé. Ìyá onílé ọkọ̀ ló kọ́kọ́ rí i, torí n kò lè de bàtà mi." Ó wo omi. "Ibí nìkan ni ọwọ́ yìí ti ṣì wúlò. Tó bá fa okùn, kòkòrò á máa gbọ̀n nínú omi bí èyí tó fẹ́ kú. Ẹja fẹ́ràn rẹ̀."

"Irun yìí ńkọ́? Irun ta ni?"

"Ti ìyàwó mi. Èyí tí mo gé fún un kẹ́yìn ni. Mo ti mọ̀ lọ́jọ́ yẹn pé n kò ní gé òmíràn mọ́. N kò lè gbá a dànù."

Mo tún irun náà wò. Ìdí funfun, orí dúdú. Ta ni mo mọ̀ láyé yìí tó ń pa irun láró tó ń búra? Ojú tì mí, omi sì bọ́ lójú mi, n kò nù ún.

"Kí ló dé tó ò sọ fún un?"

"Ọwọ́ Fúyẹ́ ló fẹ́, Ẹ̀gbọ́n. Tó bá mọ̀, á bẹ̀rẹ̀ sí í fi ṣíbí bọ́ mi, á máa fi ojú àánú wò mí. Ẹ má sọ fún un. Mo bẹ̀ yín."

"Ó ti di ẹrù ẹ̀," mo wí. "Ó ń lọ lónìí. Ó ní o ní obìnrin."

Ọkùnrin náà wò mí bí ẹni tí mo gbá létí. "Ta ló ní obìnrin?" Ó yí sí ẹ́ńjìnnì, ó di okùn tí wọ́n fi ń fà á tan mú, ọwọ́ rẹ̀ yọ̀. Ó tún dì í mú, ó tún yọ̀. Èmi ni mo sún mọ́ ọn, mo fà á. A kọrí sí etí omi.

Orí àpótí rẹ̀ ni a bá àbúrò mi ní pálọ̀, tí ó jókòó, tí ó ti wọ bàtà. Ọkọ rẹ̀ dúró sẹ́nu ọ̀nà, ọwọ́ nínú àpò. Àbúrò mi kò wò ó. Èmi ló ń wò.

"Àǹtí, ṣé ẹ rí i?"

"Mo rí i."

"Ta ni?"

Mo gbé agolo sórí itan rẹ̀. "Ìwọ ni. Irun ẹ ni."

"Irun mi kẹ̀? Èmi kì í pa irun láró!"

"Jọ̀ọ́, dákẹ́," mo wí. Mo yíjú sí ẹnu ọ̀nà. "Ọkọ wa, yọ ọwọ́ ẹ nínú àpò."

Mo rò pé kò ní yọ ọ́. Ó yọ ọ́. Ó nà án síwájú, ó sì gbé ojú sí ibòmíì.

Àbúrò mi wo ọwọ́ náà. Ó dìde, ó lọ bá a, ó mú un, ó gbé e sí àárín ọwọ́ tirẹ̀ méjèèjì, ó ń wò ó bó ṣe ń gbọ̀n níbẹ̀.

"Ṣé ohun tí ẹ̀ ń kì bọ àpò nìyí? Ṣé ohun tó jẹ́ kẹ́ ẹ máa bá ògiri jẹun nìyí?" Ohùn rẹ̀ lọ sókè. "Mo rò pé irọ́ ló ń mú un gbọ̀n! Gbogbo ọjọ́ yìí ni mo fi ń sunkún! Ẹ ò láàánú mi!"

"Mo fẹ́ sọ fún ẹ," ló wí.

"Ẹ ò fẹ́ sọ fún mi!"

Ó já kọ́kọ́rọ́ ṣọ́ọ̀bù lára ògiri, ó sì sọ̀kalẹ̀ lọ. Mo rò pé ó ti jáde nílé. A sáré tẹ̀lé e. Ìgbà tí a débẹ̀, ó ti ká aṣọ eruku kúrò lórí àga onírin, ó ti jókòó síwájú dígí. Ó bọ́ ìborí rẹ̀. Aró kò tíì dé ìdí irun rẹ̀ lóṣù yẹn, gbogbo ìdí rẹ̀ funfun.

"Ẹ gé e," ni ó wí.

"Màá gé ẹ létí."

"Etí méjì ni mo ní."

"Mi ò lè ṣe é, ìyàwó mi. Orí ẹ á bàjẹ́."

"Ṣé orí yín ni, àbí orí mi?"

Ó lọ dúró lẹ́yìn rẹ̀. Ó wá mú àlùmọ́gàjí, ó ń kù kẹ̀kẹ̀kẹ̀ lọ́wọ́ rẹ̀ kó tó kan irun rárá. Àbúrò mi gbé ọwọ́ sókè, ó di ọrùn ọwọ́ rẹ̀ mú láìbojú wẹ̀yìn, àwọn méjèèjì sì jọ ń gé e. Ó pẹ́ o. Wọ́n gé ibì kan kanlẹ̀, wọ́n fi ibì kan sílẹ̀ ṣùù. Lóòótọ́ ó gé e létí, díẹ̀ báyìí. Kò pariwo, kò sì sọ pé kò burú. "Ó dùn mí," ló wí, "ẹ máa gé e lọ."

Èmi aránṣọ ni mí, mi ò lè parọ́ nípa ohun tó wọ́. Orí yẹn wọ́. Àbúrò mi kò pa aró sí i mọ́ láti ọjọ́ náà, kò sì fi ìborí bò ó. Ìta ló ń gbé e rìn, àárín ọjọ́, níwájú gbogbo ènìyàn. Tí ẹnikẹ́ni bá bi í pé ta ló gé irun yẹn fún un, á dúró, á yíjú sí ẹni náà dáadáa, á ní, "Ta ni ì bá tún gé e? Ọwọ́ Fúyẹ́ ni."